Àárẹ̀ Yìí Kì Í Ṣe Ìmẹ́lẹ́: Ọ̀rọ̀ Tí Mo Bá Àwa Aránṣọ Sọ Lórí Àìsàn Páńkíríásì

Níbi ìpàdé oṣooṣù àwa aránṣọ ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí àìsàn tó ń bá mi fínra, wọ́n fún mi ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo lò tó wákàtí kan, kò sì sẹ́ni tó ní kí n jókòó. Àwọn tí ò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn náà rí i kà. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo ṣe kọ ọ́ yìí, àfi ibì kọ̀ọ̀kan tí mo ti fi àlàyé díẹ̀ kún un.

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ọ̀gá mi gbogbo, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, àti ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ṣebí ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi l'Ókè-Ajé, ẹ sì mọ̀ pé tí Ojúde Ọba bá ti ń bọ̀ mo lè jókòó ti máṣíìnì láti ìrọ̀lẹ́ títí wọ́n á fi pe ìrun àsùbáà. Ẹ tún mọ̀ pé láti bí ọdún mélòó kan ẹ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí mi mọ́. Àwọn kan ní mo ti rówó, àwọn kan ní ọkọ mi ló ní kí n má ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn kan tiẹ̀ sọ ọ́ sí mi létí pé ìmẹ́lẹ́ ti wọ̀ mí lẹ́wù. Mi ò bá ẹnì kankan jà. Èmi alára, fún bí ọdún méjì, ohun tí mo ń rò nípa ara mi náà nìyẹn.

Tépù yìí ló kọ́kọ́ sọ òótọ́ fún mi. Ọjọ́ kan mo fẹ́ rán síkẹ́ẹ̀tì fún ara mi, mo fi tépù yí ìbàdí ká, èmi tí mo ti ń jẹ́ 38 látìgbà tí mo bí àbíkẹ́yìn, tépù ní 31. Mo rò pé tépù ló ti fà, ẹ mọ̀ pé tépù tó bá ti pẹ́ máa ń fà, mo bá gba tọwọ́ ọmọ iṣẹ́ mi, 31 náà ló tún sọ. Mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú tépù lọ́wọ́. Mi ò gbààwẹ̀ o, mò ń jẹ ẹ̀bà lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ẹran ò wọ́n mi lọ́bẹ̀, oúnjẹ ń wọlé dáadáa, mo sì ń rù bí ẹni tí ò rí jẹ.

Ìrora tiẹ̀ wà níbẹ̀ tipẹ́. Òkè inú ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí egungun àyà parí sí yìí, á wá gba inú lọ sí ẹ̀yìn, bíi kí wọ́n fi nǹkan gún èèyàn láti iwájú kó yọ lẹ́yìn. Tí mo bá jẹun tán, pàápàá oúnjẹ olóròóró, láàárín wákàtí kan ó ti dé. Tí mo bá fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, á le sí i. Ibì kan ṣoṣo tó ti máa ń dẹ̀ fún mi ni ìdí máṣíìnì, tí mo bá tẹ̀ síwájú, tí mo fi igbá àyà ti tábìlì máṣíìnì, mo máa ń rí i pé mo lè mí. Ni mo bá ń jí láago méjì òru, mo ń lọ jókòó ti máṣíìnì nínú òkùnkùn, mo ń rán nǹkan tí kò sẹ́ni tó ń kánjú gbà á lọ́wọ́ mi. Àwọn aládùúgbò ń gbọ́ ìró máṣíìnì, wọ́n ń sọ pé obìnrin yìí mà lákíkanjú o. Ìrora ni mò ń sá fún.

Ọdún méjì ni wọ́n fi tọ́jú mi fún ọ́sà, ọgbẹ́ inú. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, ohun tí wọ́n rò náà nìyẹn, kì í ṣe pé wọ́n ní ibi sí mi lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọdún méjì ni. Kẹ́mísì fún mi lóògùn, ìyá kan fún mi lágbo jẹ̀díjẹ̀dí, ilé àdúrà kan ní kí n fi omi nìkan gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, ọjọ́ kẹta ni wọ́n gbé mi jáde. Ọ̀dọ́mọkùnrin dókítà kan ní Ṣàgámù, tó kéré sí àbúrò mi tó kéré jù, òun ló bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Gbogbo èèyàn ló máa ń bèèrè ìgbà tó máa ń bẹ̀rẹ̀. Òun ní, "Mà, ìgbà wo ló máa ń dẹ̀?" Mo ní tí mo bá tẹ̀ síwájú sórí máṣíìnì ni. Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá bi mí nípa ìgbẹ́ mi, ojú tì mí, mo sọ fún un. Ó ní kí n lọ ya fọ́tò inú, èyí tí wọ́n ń pè ní CT, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé òkúta wẹ́wẹ́ ti yọ sínú páńkíríásì mi.

Kí ni páńkíríásì? Ọ̀pọ̀ ló ń pè é ní òróòro, kì í ṣe òróòro o, òróòro wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀. Páńkíríásì fi ẹ̀yìn àpòlúkù ṣe ibùsùn, ó gùn tó ínṣì mẹ́fà lórí tépù yín, ìyẹn bíi 15 sẹ̀ǹtímítà. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe. Ó máa ń tú omi kan sínú ìfun tó ń yọ́ oúnjẹ, nínú omi yẹn ni ẹ́ńsáìmù wà, èyí tó ń yọ́ ọ̀rá, èyí tó ń yọ́ ẹran àti ẹ̀wà, èyí tó ń yọ́ ẹ̀bà àti ìrẹsì. Iṣẹ́ kejì, òun ló ń ṣe ínsúlínì tó ń bójú tó ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, òun náà ló sì ń ṣe ìkejì rẹ̀, glucagon, tó ń gbé ṣúgà sókè tó bá já wálẹ̀. Ní 1921 ni àwọn olùwádìí ìṣègùn méjì, Banting àti Best, rí ínsúlínì yọ ní Toronto ní Kánádà, ní January 1922 wọ́n fún ọmọkùnrin kan, kó tó di ìgbà yẹn ọmọdé tó bá ti ní irú ìtọ̀ ṣúgà tí ara kì í ṣe ínsúlínì mọ́, wọ́n kàn ń retí ikú rẹ̀ ni.

Tí páńkíríásì bá ń wú, tó ń gbóná léraléra, á di àpá. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, tí áyọ́ọ̀nù bá jó léèsì, o lè gé ibẹ̀ kúrò, o lè fi òdòdó bò ó, ṣùgbọ́n ibi tó jó yẹn ò lè padà di léèsì mọ́. Bí tèmi ṣe rí nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ gbangba báyìí ni pé owó tí mo ná lórí ẹni tó ní òun máa wò ó sàn pátápátá, ó tó ra máṣíìnì tuntun méjì. Èyí tó ti jó ti jó, àmọ́ a lè dáàbò bo ìyókù, a sì lè ṣe iṣẹ́ tó ń ṣe dípò rẹ̀. Ìyẹn ló mú èmi dìde.

Ohun tó ń fà á pọ̀. Ọtí ló ṣáájú níbi púpọ̀, sìgá tẹ̀ lé e, kódà sìgá nìkan tó o, kódà ẹni tó mu ún láì mu ọtí. Àwọn kan, àjogúnbá ni. Àwọn kan, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn ló pọ̀ jù, tàbí kálísíọ̀mù. Àwọn kan, ara wọn fúnra rẹ̀ ló ń bá páńkíríásì jà. Àwọn kan ò sì rí ìdí kankan. Kó má sẹ́ni tó máa wo aláìsàn páńkíríásì kó sọ pé ọ̀mùtí ni, ọ̀rọ̀ yẹn ti mú kí àwọn kan fi àìsàn wọn pamọ́ títí tó fi pa wọ́n.

Wọ́n máa ń bi mí ní Ìjẹ̀bú níbí pé ṣé gàrí ló fà á. Ìbéèrè gidi ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ní 1959 dókítà kan tó ń jẹ́ Zuidema ṣàkíyèsí irú àìsàn yìí lára àwọn tí ò rí oúnjẹ gidi jẹ ní Indonéṣíà, àwọn tó jẹ́ pé pákí ni wọ́n gbójú lé. Wọ́n rí i ní Kerala ní Íńdíà náà. Nílé wa níbí, ní Ìbàdàn, ní 1969 wọ́n tẹ àkọsílẹ̀ kan jáde lórí aláìsàn 45 tí òkúta ti yọ sí páńkíríásì wọn, nítorí náà kì í ṣe àìsàn òyìnbó. Wọ́n wá fura sí pákí nítorí sáyánáìdì tó wà nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá wọ́n rí àwọn tí kì í jẹ pákí tó ní in, wọ́n sì rí i pé nǹkan àjogúnbá wà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ pákí yẹn ò dúró. Gàrí Ìjẹ̀bú tiwa, tí wọ́n bá fún un dáadáa, tó sinmi fún ọjọ́ bíi mẹ́ta dé márùn-ún tó fi kan yẹn, tí wọ́n sì yan án gbẹ, púpọ̀ nínú oró yẹn ló ti lọ. Gàrí oníkánjú tí wọ́n fún lónìí tí wọ́n yan lọ́la ni kẹ́ ẹ sá fún, fún ẹnikẹ́ni. Mo ṣì ń jẹ ẹ̀bà. Ohun tó wà nínú ọbẹ̀ ló yí padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dùn mí jù nìyí, ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ díẹ̀. Mi ò mu bíà rí láyé mi, Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n agbo jẹ̀díjẹ̀dí, mo mu ún láràárọ̀ fún ọdún púpọ̀, ife kékeré kan kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, torí ẹ̀yìn tó ń dun àwa tí à ń jókòó. Dókítà bi mí pé ṣé mo ń mu ọtí, mo ní rárá, mo tiẹ̀ bínú. Ó ní ṣé mo ń mu agbo, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́? Ẹ̀yin èèyàn mi, ògógóró ni. Ẹ lọ wo àwọn ìgò tó tò sórí tábìlì ní gáréèjì yẹn, paraga ni, ọtí líle ni wọ́n rẹ egbò àti èèpo sí. Dókítà ò fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló fà tèmi, èmi náà ò ní sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo fi í sílẹ̀ pátá, láàárín oṣù mẹ́ta ìrora tó ń dé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ di ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí páńkíríásì rẹ̀ bá ti bàjẹ́, kò sí díẹ̀ nínú ọtí fún un, bóyá ó wà nínú bíà, nínú paraga, tàbí nínú agbo tí wọ́n ní obìnrin ló ń mu. Àwọn ìyá tó ń mu ún ò mọ̀ pé ọtí ni wọ́n ń mu. Tẹ́ ẹ bá dé ilé lónìí ẹ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á fún yín.

Ó yá, àárẹ̀. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ irú àárẹ̀ tí mò ń wí. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tó ṣiṣẹ́ tó sì sùn tó jí tó le. Mo máa jí láàárọ̀, mi ò tíì ṣe nǹkan kan, á dà bíi pé wọ́n ti fi mí fọ aṣọ. Láti gbé kẹ́tùlù omi, mo máa kọ́kọ́ wò ó. Mo máa gun àtẹ̀gùn mẹ́rin ṣọ́ọ̀bù, mo máa dúró lórí ìkejì. Ọjọ́ kan mo fẹ́ ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo bú sẹ́kún, ọmọ iṣẹ́ mi rò pé wọ́n túfọ̀ fún mi.

Ìdí ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, òun ló fi yẹ kẹ́ ẹ tú u wò bí ẹni ń tú aṣọ tí ò jókòó dáadáa lára oníbàárà, ibi tó ti fà ni kẹ́ ẹ máa wá. Èkíní ni pé oúnjẹ ń jáde láì yọ́. Ẹ má bínú, mo máa sọ̀rọ̀ ìgbẹ́. Tí ìgbẹ́ bá ń léfòó, tó ń dán bí ẹni da òróró sí i, tó ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí omi ò lè ṣàn án lọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀rá tó yẹ kó di agbára fún ọ ló ń lọ yẹn, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí. Bí ọ̀rá ṣe ń lọ, ó ń gbé fítámì A, D, E àti K dání lọ, torí inú ọ̀rá ni wọ́n ń gbé. Èkejì, fítámì B12, áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀jẹ̀ àti magnesium náà lè dín, ẹ̀jẹ̀ á fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ̀kẹta, ṣúgà ń lọ sókè ń bọ̀ wálẹ̀. Ẹ̀kẹrin, oorun tí ìrora ń gé. Ẹ̀karùn-ún, oògùn ìrora fúnra rẹ̀ lè máa tẹ èèyàn mọ́lẹ̀. Tí gbogbo èyí bá wà lára ẹnì kan, tó ní ó rẹ òun, wọ́n á ní kó dìde kó lọ ṣiṣẹ́!

Ẹ bẹ dókítà kó yẹ gbogbo wọn wò. Tẹ́ẹ̀sì ìgbẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní elastase, tó bá kéré sí 200 wọ́n máa ń fura pé páńkíríásì ò tú ẹ́ńsáìmù tó mọ́. Ẹ ní kí wọ́n wo fítámì D àti egungun náà, torí egungun wa máa ń rọ̀, mo mọ ẹnì kan tó kàn fẹ́ bẹ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ dá.

Oògùn tó yí ayé mi padà ni kápúsù ẹ́ńsáìmù, èyí tí wọ́n mọ̀ jù ni Creon. Iṣẹ́ tí páńkíríásì ò lè ṣe mọ́ ló ń bá a ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, bí wọ́n ṣe ń lò ó ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀, èmi náà ò mọ̀ fún oṣù mẹ́rin. Wọ́n fún mi, mo ń lò ó bí paracetamol, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, nígbà tó bá rọ̀ mí lọ́rùn, mo ń sọ pé kò ṣiṣẹ́. Ara oúnjẹ ni o! Òkèlè àkọ́kọ́ àti kápúsù, wọ́n jọ ń wọlé ni, tí oúnjẹ bá pọ̀ tàbí tó pẹ́, o mú ọ̀kan níbẹ̀rẹ̀ o mú ìyókù ní àárín. Ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ni 40,000 dé 50,000 yúnìtì lipase, ìyẹn ẹ́ńsáìmù tó ń yọ́ ọ̀rá, fún oúnjẹ gidi, bí ìdajì ìyẹn fún ìpanu, dókítà á wá máa gbé e sókè tó bá yẹ. Omi tútù ni kẹ́ ẹ fi gbé e mì, kì í ṣe tíì gbígbóná, ooru ń pa á. Ẹ má rún un lẹ́nu. Wọ́n ní kó má gbóná ju 25°C lọ níbi tẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sí, ẹ sì mọ bí ṣọ́ọ̀bù wa ṣe ń gbóná tí ò bá síná, èmi ń gbé tèmi sínú kúlà kékeré tí mo fi aṣọ wé. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo gbàgbé rẹ̀ sínú ọkọ̀ láàárín oòrùn, ó wọ́n mi gan-an, ẹ̀rù bà mí láti jù ú nù, ṣùgbọ́n mo jù ú nù.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá Àlhájà wa ti bi mí ní kọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n dáhùn fún gbogbo èèyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, inú páńkíríásì ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ẹ́ńsáìmù yìí. Mùsùlùmí ni bàbá àwọn ọmọ mi, òun ló mú mi lọ sọ́dọ̀ Alfa. Alfa ka Súrà Bákárà ẹsẹ 173 fún wa, pé ẹni tí ó di dandan fún, tí kì í ṣe pé ó ń wá ẹ̀ṣẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ẹ lọ bi Alfa tiyín kọ́kàn yín lè balẹ̀, ẹ má kàn fi oògùn sílẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí.

Oúnjẹ ńkọ́? Tẹ́lẹ̀ wọ́n máa ń ní ká má jẹ ọ̀rá rárá, ní báyìí àwọn dókítà ò fẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́, torí a ti ń rù tẹ́lẹ̀, wọ́n ní ká jẹ ìwọ̀nba, ká fi ẹ́ńsáìmù tẹ̀ lé e. Ohun tí mo yí padà ni pé mi ò jẹ oúnjẹ ńlá méjì mọ́, ẹ̀ẹ̀marùn-ún kékeré ni mò ń jẹ. Ìkọ́kọrẹ́ mi, ewùrà náà ni, ẹja gbígbẹ náà ni, edé náà ni, epo ṣíbí kan dípò ìdajì ife. Ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́yin láàárọ̀. Ẹja tútù tí wọ́n sè, kì í ṣe èyí tí wọ́n dín. Àyámáṣẹ, mo fi í sílẹ̀ fún àwọn tí inú wọn le. Àwọn ọjọ́ tí oúnjẹ ò wọlé, ògì tó ki tí mo po mílíìkì mọ́, ife méjì, ó sàn ju kí ikùn ṣófo lọ.

Ṣúgà. Ìtọ̀ ṣúgà tó ń ti ara páńkíríásì wá yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tí ẹ mọ̀. Torí pé glucagon náà ti lọ, tí ṣúgà bá já, kò sí ohun tó máa tètè gbé e padà, èèyàn lè ṣubú lulẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ṣúgà oníhóró mẹ́fà wà nínú àpò épúrọ́ọ̀nù mi báyìí, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mọ̀ ọ́n, wọ́n mọ̀ pé tí mo bá ń làágùn lásán tí mo ń sọ̀rọ̀ wótowòto, ẹnu mi ni kí wọ́n fi sí. Nítorí náà ààwẹ̀, yálà ti Ràmádánì tàbí ti ọlọ́gọ́rùn-ún ọjọ́ àwa Kìrìsìtẹ́nì, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Al-Qur'ān fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda fún aláìsàn. Pásítọ̀ tèmi ní kí n máa fi wákàtí tí mi ò lè gbààwẹ̀ kọrin. Mo ń kọ ọ́.

Oògùn ìrora, mo máa yára gba ibẹ̀. Paracetamol ni ìbẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Tramadol, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ rà á fúnra yín. Ó ń pa ìrora lóòótọ́, ó sì ń mú èèyàn lẹ́rú, ó ń dí inú, àárẹ̀ tẹ́ ẹ ń sá fún á di ìlọ́po méjì. Oògùn mìíràn wà fún ìrora ti iṣan tó ń gbéṣẹ́ lálẹ́ tó sì ń jẹ́ kéèyàn sùn, ẹ bèèrè. Wọ́n lè fi ẹ̀rọ gba ọ̀nà ọ̀fun yọ òkúta, wọ́n sì lè ṣe iṣẹ́ abẹ, ìyẹn di ọwọ́ àwọn àgbà dókítà ní Ìbàdàn tàbí irú ibẹ̀. Èmi, lálẹ́, ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo máa ń fi sùn, mo máa ká orúnkún sókè, mo fi ìrọ̀rí há àyà, ó jọ ìjókòó máṣíìnì yẹn.

Tí ìrora bá dé tí kò lọ, tí èébì ò dáwọ́ dúró, tí ibà wà níbẹ̀, tàbí tí ẹyinjú bá di yẹ́lò bí inú ẹyin adìẹ, tàbí tẹ́ ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í rù láìnídìí lẹ́yìn tí ara yín ti padà bọ̀ sípò, ọsibítù, lọ́jọ́ yẹn. Ewu jẹjẹrẹ páńkíríásì máa ń pọ̀ lára àwa yìí ju ti ẹlòmíràn lọ, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín, mo fẹ́ kẹ́ ẹ tètè lọ ni.

Báwo ni mo ṣe ń lo ìwọ̀nba agbára tó kù? Tí oníbàárà bá gbé yáàdì mẹ́ta wá, tó ní kẹ́ ẹ fi rán ìró, bùbá, ìborùn àti ti ọmọ, ẹ̀yin mélòó lẹ máa gbà á? Ẹ ó sọ fún un pé kò ní í tó, kó mú ọ̀kan. Àmọ́ ara wa tá a mọ̀ pé yáàdì mẹ́ta ló ní lónìí, a ó ní kó fọ aṣọ, kó lọ sọ́jà, kó rán bùbá mẹ́rin, kó tún lọ síbi òkú. Ní ọdún tó kọjá, lọ́sẹ̀ Iléyá, ara mi yá gágá, mo ní Ọlọ́run ti ṣe é, mo jókòó ti máṣíìnì fún ọjọ́ mẹ́ta torí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tí wọ́n fẹ́ gba aṣọ kó tó di Ojúde Ọba, ìyẹn ọjọ́ kẹta Iléyá. Wọ́n gba aṣọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wà lórí ibùsùn. Ọjọ́ tí ara bá yá ni ọjọ́ tó léwu jù, mo ti kọ́ ọ pẹ̀lú omijé.

Ní báyìí aago mẹ́sàn-án sí méjìlá ni agbára mi ń pọ̀ jù, gígé aṣọ ni mò ń fi ṣe, torí ẹni tó ti rẹ̀ tó gé aṣọ, á gé e bàjẹ́. Méjìlá kọjá, mo dùbúlẹ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú, bóyá ó rẹ̀ mí tàbí kò rẹ̀ mí, kókó ibẹ̀ ni pé mi ò dúró kó rẹ̀ mí tán. Ọ̀sán, mo lẹ ẹnu aṣọ lórí ìjókòó. Mo ra àpótí gíga kan tí mo fi ń jókòó lo áyọ́ọ̀nù, mi ò lò ó lórí ìdúró mọ́. Ìrọ̀lẹ́, mo rìn díẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, torí tí ẹran ara bá ti ń lọ, ìsinmi nìkan ò lè dá a padà. Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí, ibẹ̀ ni mo ń kọ ohun tí mo jẹ, bí ìrora ṣe tó láti òdo dé mẹ́wàá, àti bóyá mo lo kápúsù. Ìwé yẹn ló tú àṣírí pé gbogbo ọ̀sán Satidé ni inú máa ń run mí. Kí ló dé? Àkàrà àárọ̀ Satidé tí mò ń jẹ lórí ìdúró láì mú oògùn, torí mo kà á sí ìpanu.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé pẹ̀lú wa, ẹ má máa bi wá pé ṣé ó ti san. Àìsàn yìí kì í lọ, ìbéèrè yẹn máa ń jẹ́ ká rò pé a jẹ yín ní gbèsè ìlera. Bàbá àwọn ọmọ mi tí ń bínú tẹ́lẹ̀, ó kọ́ ọ̀rọ̀ kan, ó máa ní, "Kí ni kí n bá ẹ ṣe lónìí?" Ìgbà mìíràn mo ní kó bá mi fa omi, ìgbà mìíràn mo ní kó kàn jókòó tì mí. Ọkàn náà ń rẹ̀ o. Tó bá di pé ẹnì kan ò fẹ́ jẹun, kò fẹ́ rí èèyàn, ó ń sọ pé kí òun má sí mọ́, ẹ má fi sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́, ìtọ́jú wà fún ìyẹn pẹ̀lú.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, bàbá kan dìde, ó ní àbúrò òun ń mu ọtí, ó sì ní ìtọ̀ ṣúgà àti inú rírun tó ń kọjá sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ júwe ibẹ̀, ibi tí mo fọwọ́ bà lára tèmi gan-an ni. Mo ní kó mú un lọ sí Ṣàgámù lọ́jọ́ Monday, kó bèèrè fún CT, kó má kọ́kọ́ bú u. Ó ní òun ti bú u fún ọdún mẹ́wàá. Ó jókòó, kò tún sọ̀rọ̀ mọ́.

Ọmọ iṣẹ́ kan lẹ́nu ọ̀nà, kékeré, kò lè ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ, òun ló béèrè ìgbẹ̀yìn. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ máa rán aṣọ Ojúde Ọba lọ́dún yìí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ́lẹ̀ mo máa ń gba ogójì, mẹ́fà ni mo gbà lọ́dún yìí, mo sì ti dá àwọn tó kù padà pẹ̀lú orúkọ ẹni tí wọ́n lè gbé e fún, ẹ̀yin kan nínú gbọ̀ngàn yìí ti ń gba oníbàárà mi, ẹ bá mi rán an dáadáa. Méjì ti parí. Ìkẹta wà lórí tábìlì, mo ti gé e, kò tíì kan máṣíìnì.